Àtẹ̀jáde Ìpàdé Àwa Awakọ̀ Èrò ní Èjìgbò Lórí Àwọn Tó Ń Rú Òfin Gáréèjì

Àwa awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Òṣogbo, Ẹdẹ, Ìwó àti Ògbómọ̀ṣọ́ láti Èjìgbò, pẹ̀lú àwọn tó ń gbé èrò lọ sí Àbíjáàn, pé jọ láti jíròrò lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kí ni ká ṣe sí ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ òfin, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ lójú mọ́lẹ̀? Ìpàdé náà gbóná. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí la gbé síta yìí.

Òfin kọ́ ló wọ́n wa. Láti ọdún 1988 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ni wọ́n ti ń kì wá nílọ̀. A mọ ìwé ìtanràn tí wọ́n ń já fún wa: 10,000 náírà fún ẹni tó kó èrò ju bó ṣe yẹ, 4,000 fún ẹni tó ń fi fóònù sọ̀rọ̀ nídìí ọkọ̀, 2,000 fún ẹni tí kò de bẹ́líìtì. Ẹni tí yóò wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí yóò ní "èyí tí o ń ṣe yìí kò da," ló wọ́n wa.

Ẹ wo ọkọ̀ Máíkírà wa. Èrò mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ẹni tó há sáàárín níwájú ní láti gbé orúnkún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí awakọ̀ tó rí jíà fà. Gbogbo wa la ń rí i, a ó juwọ́ síra wa lójú títì, a ó kọjá lọ. Bí ẹnì kan bá wá sọ ọ́ ní gáréèjì, wọ́n á ní ọ̀dàlẹ̀ ni.

Orí ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ yìí la pẹ́ sí jù. Ọmọ ẹgbẹ́ kan dìde, ó ní òun bá ẹnìkejì òun níbi tó ti ń mu ọtí párágà láàárọ̀ kùtù, òun sì dákẹ́ nítorí òun mọ iye tó gbọ́dọ̀ dá fún ọlọ́kọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àánú ṣe wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí èrò kì í ṣe owó tí a fi ń san gbèsè. Ìpàdé fẹnu kò pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ síta nítorí ẹ̀mí èrò kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì pè é bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́jọ́ níwájú ẹgbẹ́.

A tún rí i pé arúfin ń ja ẹni tó ń pa òfin mọ́ lólè. Ẹnì kan tò títí di ọ̀sán kí tọ́ọ̀nù tó kàn án, ẹlòmíràn ti ṣe sóólè, ìyẹn ni pé ó kó èrò níta gáréèjì láìtò, lọ ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn kan fẹ̀sùn kàn pé ọkọ̀ àwọn olóyè kì í tò. Òótọ́ ni, ó dùn wá, ó sì ti dópin: òfin tí kò bá kan alága kò lè kan ọmọ ẹgbẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá rí àṣìṣe ẹnìkejì rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ pè é sẹ́yìn, kúrò lójú èrò àti ọmọ iṣẹ́, kó bá a sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Bó bá tún ṣe é, akọ̀wé yóò kọ ọ́ sílẹ̀, a ó pè é, a ó sì gbọ́ tẹnu rẹ̀, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, yóò pàdánù tọ́ọ̀nù rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ọlọ́kọ̀ yóò sì gbọ́. Ti ọtí kò ní ìkìlọ̀: a ó gba kọ́kọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀, awakọ̀ mìíràn yóò gbé èrò náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lu arúfin, kò gbọ́dọ̀ fa aṣọ rẹ̀ ya, kò sì gbọ́dọ̀ yọ afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀.

Ti ọ̀nà Àbíjáàn le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnubodè mẹ́rin ni wọ́n ń là kọjá: Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà, kí wọ́n tó wọ Kódífúà. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún àwọn èèyàn wa lómìnira láti rìn, ṣùgbọ́n awakọ̀ kan tó fi ẹrù tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pamọ́ sábẹ́ àga lè sọ ìyá ọlọ́mọ di ẹni tó sùn sí bọ́dà. Awakọ̀ méjì ni yóò máa wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹrù ni a ó kọ sílẹ̀ kó tó kúrò ní Èjìgbò.

Ẹ̀yin èrò, ẹ̀yin ìyá wa tó ń ná ọjà, a bẹ̀ yín: bí awakọ̀ bá ní kí ẹ sún mọ́ra kí èrò kejì wọlé síwájú, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá bá wa ní ọ́fíìsì gáréèjì. A ó dá owó yín padà, a ó sì fi yín sínú ọkọ̀ tó kàn.

Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.