Ọ́kíìdì Kì í Ṣe Àfòmọ́

Nínú ìwé kékeré kan tí mo túmọ̀, mo pe gbòǹgbò tí ọ́kíìdì ń yọ sí ìta ìkòkò ní "gbòǹgbò àfòmọ́". Ìyá kan ní àdúgbò wa ní Ìjù, lẹ́bàá Ọ̀tà, kà á, ó mú ọ̀bẹ, ó sì gé gbogbo wọn. Ó ní bí bàbá òun ti ń ṣe sí àfòmọ́ orí kòkó nìyẹn. Ọ́kíìdì náà kú.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Àwọn àgbà ti sọ pé àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ìbátan rẹ̀. Inú igi tí ó lẹ̀ mọ́ ni ó ti ń fa omi mu. Ṣùgbọ́n ọ́kíìdì bí Ansellia africana, tí ó máa ń hù lára ọ̀pẹ, kò fa ohunkóhun lára ọ̀pẹ. Ó kàn fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé ni. Gbòǹgbò rẹ̀ wà ní gbangba, awọ tí ó dà bí kànìnkànìn sì bò ó, tí ń fa omi òjò mu. Bí awọ náà bá gbẹ, a máa funfun. Bí ó bá rin, àwọ̀ ewé a hàn.

Nítorí náà, mo dábàá "agbórígi" fún irú ohun ọ̀gbìn yìí, àti "gbòǹgbò inú-afẹ́fẹ́" fún gbòǹgbò rẹ̀. (Ẹ má jẹ́ kí a lo "òfurufú"; ọkọ̀ ti gba ìyẹn.) Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí kò ní fi erùpẹ̀ bò ó nígbà tí ó bá ń pààrọ̀ ìkòkò: èèpo igi àti èédú ni yóò lò, èyí tí ó ti jẹrà nìkan ni yóò sì gé. Kí a fi "àfòmọ́" sílẹ̀ fún ti orí kòkó.