Ẹsẹ̀ Olè Lórí Àpáta

Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. A máa ń fi òwe yìí bú ẹni tó mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú jù, ṣùgbọ́n lójú tèmi, àpáta gan-an ló gbé òwe náà ró. Ní Ìṣẹrì Olówóra, bí odò Ògùn bá kún tó sì fà, ọmọdé pàápàá á fi ojú ẹsẹ̀ hàn ọ́ nínú ẹrẹ̀. Orí àpáta ni iṣẹ́ wà.

Àpáta ni ara ènìyàn jẹ́ fún fáírọ́ọ̀sì, olè tí kì í fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ní 1925, Rockefeller Foundation kó àwọn onímọ̀ wá sí Yaba, l'Ékòó, láti wádìí ibà pọ́njú, àrùn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ibà náà ń ṣe, tó ń jẹ́ Asibi, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n fi gún ọ̀bọ lábẹ́rẹ́, ọ̀bọ kó àrùn náà. Ọwọ́ ti tẹ olè, ojú ni kò tíì rí i. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, kó ibà ọ̀hún lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kú l'Ékòó ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn.

Lóde òní, olè fúnra rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣe amọ̀nà. Wọ́n á fi aró tí ń tàn yòò lábẹ́ lésà kun fáírọ́ọ̀sì tó ṣì lágbára, wọ́n á jẹ́ kó wọ sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sì máa ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ tíntìntín rẹ̀. Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé Olófin, aṣáájú wọn, gbé awo lé odò Ògùn, ó ń tẹ̀ lé e títí dé Ìṣẹrì. Awo kò júwe ọ̀nà fún odò, odò ló ń gbé e lọ; bẹ́ẹ̀ náà ni aró kò gbọdọ̀ júwe ọ̀nà fún fáírọ́ọ̀sì.

Ní 2003, Xiaowei Zhuang àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard tọ fáírọ́ọ̀sì fúlúù báyẹn. Ó kọ́kọ́ ń rìn jẹ́jẹ́ létí sẹ́ẹ̀lì, lójijì ó sáré lọ sẹ́bàá ààrin gbùngbùn. Sẹ́ẹ̀lì ló sì gbé e. Onílé ló gbé olè dé ìyẹ̀wù! Nígbà tí awọ fáírọ́ọ̀sì náà para pọ̀ mọ́ awọ àpò tó gbé e, aró tó ti há mọ́ra ráyè tàn ká, iná rẹ̀ sì bù yẹ̀rì.

Ṣùgbọ́n bí aró bá pọ̀ jù, fáírọ́ọ̀sì lè má lè wọlé mọ́, tàbí kó gba ibi tí kì í gbà. Aró wa là ń tọ̀ nígbà náà, kì í ṣe olè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kó èyí tí wọ́n kùn àti èyí tí wọn kò kùn ran sẹ́ẹ̀lì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n wò ó bóyá agbára wọn ṣì dọ́gba, kí wọ́n tó gba ohun tójú rí gbọ́.