Ìwé Ọjà àti Yìnyín Òpin Ayé

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Ọ̀rọ̀ ọ̀la ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí.

Bí ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ẹ̀pẹ́ bá ń kọ iye tí ó ń pa lóṣooṣù sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, àyà rẹ̀ kò ní já ní oṣù tí ọjà máa ń kú lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n bí oṣù kan náà bá ń burú sí i lọ́dọọdún, yóò mọ̀ pé ọ̀ràn mìíràn ti dé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣírò yìnyín tí ó bo òkun níhà àríwá òpin ayé. Láti 1979 ni sátẹ́láìtì ti ń wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n fi ń wé Oṣù Kẹsàn-án, nítorí ìgbà náà ni yìnyín máa ń kéré jù.

Ní 1980, ó lé ní mílíọ̀nù 7 kìlómítà níbùú-lóròó. Ní 2012, ó ku nǹkan bí 3.4. Nígbà tí ó tún gbèrú kọjá 5 ní 2013, àwọn kan pariwo pé yìnyín ti padà. Èmi ní tèmi, mo ní ọjà ọjọ́ kan kì í sọni di olówó. Títí di òní, kò sí ọdún kan tí ó tún tó ti 1980. Bí àwọn onímọ̀ bá sì ń sọ ti ọ̀la, wọn kì í dá iye kan ṣoṣo. Wọ́n á ní “láti ibí dé ibí”, bí ọjọ́ bá sì ti jìnnà tó ni àlàfo náà ń fẹ̀ tó.

Ẹnì kan yóò ní, “Kí ló kàn wá ńbẹ̀?” Òtítọ́ ni pé yìnyín tí ó léfòó kì í mú omi ga bí ó bá yọ́, ẹ fi sínú ife omi kí ẹ wò ó. Èyí tí ó wà lórí ilẹ̀, bí irú ti Greenland, ni omi rẹ̀ ń ṣàn wọ òkun. Òun àti ooru tí ń mú omi wú ti gbé òkun ayé sókè tó nǹkan bí íǹṣì 4 láti 1993. Ọ̀sà wa kò sì yà kúrò lára òkun.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ létí ọ̀sà, kí ó má fi ẹ̀ẹ̀rùn kan dájọ́. Kí ó bi àwọn apẹja ibẹ̀ léèrè ibi tí omi dé láti ogún ọdún wá. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ri òpó kan mọ́ etí omi, ẹ fàlà sí i, kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ máa kọ ibi tí omi dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọdún kan kò ní sọ nǹkan kan. Àwọn tí yóò jogún ìwé náà ni yóò dúpẹ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.