Ọ̀rọ̀ Èdè: "Baba" Lẹ́nu Àwọn Ẹ̀yà Ayé

Ó ti di àṣà láàárín àwọn akọ̀wé wa, bí ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dálẹ̀ Yorùbá bá délẹ̀ nínú ìjókòó, kí ẹnì kan yára fi ọ̀rọ̀ "bàbá" ṣe ẹ̀rí. Yóò wí pé: Bàbá ni àwa ń pe ẹni tí ó bí wa, baba ni àwọn ará Tọ́kì pẹ̀lú ń pè é, Ábbà ni ó sì wà nínú èdè tí Olúwa wa sọ nígbà tí Ó wà ní ayé. Ǹjẹ́ èyí kò ha tó láti fi hàn pé Ìlà-Oòrùn ni àwọn baba ńlá wa ti wá? Àwọn tí ó gbọ́ a sì mi orí. Àwọn ọmọ tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà gbọ́, wọn a sì gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí òtítọ́. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ kékeré yìí wò ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Kì í ṣe àwọn aláìmọ̀kan ni ó ti rin ọ̀nà yìí. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kọ ìtàn Mẹ́kà sílẹ̀ bí àwọn àgbà ti sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ojú sí ìhà Íjíbítì àti Núbíà. Ní 1948, J. Olumide Lucas tẹ ìwé kan jáde lórí ẹ̀sìn Yorùbá, nínú èyí tí ó to ọ̀rọ̀ wa àti ọ̀rọ̀ Íjíbítì àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti fi ìbátan múlẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ àwọn àgbà wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìjọra ọ̀rọ̀ nìkan kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó bá wa mu. Lẹ́nu àwọn Swahili ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, àti lẹ́nu àwọn Súlú àti àwọn Ṣónà ní ìhà gúúsù, baba ni ẹni tí ó bí ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́nu Hausa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé baba mìíràn tún wà lọ́dọ̀ wọn tí í ṣe ẹ̀lú tí a fi ń pa aṣọ láró. Ní Páṣíà àti Íńdíà, bàbá ni, àgbàlagbà tí a ń bọ̀wọ̀ fún sì ni pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí àwọn ará Pakísítánì fi ń pe Muhammad Ali Jinnah, ẹni tí ó dá orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀ ní 1947, ní Baba-e-Qaum. Ará Ṣáínà náà ń wí i, ohùn rẹ̀ a sì já láti òkè wá sí ilẹ̀ lórí ìró kìn-ín-ní. Ní ti Ábbà, ìgbà mẹ́ta ni a rí i nínú Májẹ̀mú Titun: Marku 14:36, Romu 8:15 àti Galatia 4:6, ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Bíbélì wa ti fi Bàbá tẹ̀lé e, tí ètè ẹni tí ń kà á fi ń pàdé lẹ́ẹ̀mẹta láìsinmi.

Bí a bá dúró níhìn-ín, ẹ̀rí náà ìbá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Rọ́ṣíà. Níbẹ̀, baba kì í ṣe ọkùnrin rárá: obìnrin ará oko ni, lónìí ọ̀rọ̀ náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di èébú. Lẹ́nu àwọn ará Bùlùgéríà, ìyá àgbà ni. Obìnrin arúgbó ni lẹ́nu àwọn ará Pólándì, wọ́n sì fi orúkọ yìí kan náà pe àkàrà òyìnbó kan, tí orúkọ rẹ̀ bá a dé ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ́ sínú ọtí. Ní Họ́ńgárì, ọmọ ọwọ́ ni baba, tàbí ọmọlángidi tí ọmọdé fi ń ṣeré. Ní Jàpáànì, obìnrin arúgbó ni, ẹni tí ó bá sì pe ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó má retí oúnjẹ nínú ilé náà. Ṣé àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú bá wa tan? Bí wọ́n bá bá wa tan, ta ni ìyá àgbà nínú wọn, ta sì ni ọmọ ọwọ́?

Àwa fúnra wa, bí a bá mú ohùn kúrò, a ó bá ọkà bàbà àti owó bàbà nínú agbọ̀n kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó bí wa.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá? Láti ẹnu ọmọ ọwọ́ ni. Roman Jakobson, onímọ̀ èdè ọmọ Rọ́ṣíà tí ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1960. Ó yẹ 1,072 ọ̀rọ̀ wò, èyí tí George Peter Murdock ti kó jọ láti inú èdè púpọ̀: 531 tí a fi ń pe ìyá, 541 tí a fi ń pe bàbá. Nínú ti ìyá, 55 nínú 100 ni ó ní ìró imú, bíi m àti n. Nínú ti bàbá, 15 péré ni. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro fún abiyamọ láti mọ̀. Ọmọ tí ọmú wà lẹ́nu rẹ̀ kò lè dún bí kò ṣe láti imú, nígbà tí ebi bá sì tún pa á, ìró imú náà ni yóò fi bèèrè. Ní ti b àti p, kí ètè méjì pàdé kí wọ́n sì yà ni. Kò sí iṣẹ́ fún ahọ́n níbẹ̀, kò sí fún eyín tí kò tí ì hù. Ọmọ oṣù méje tí ń wí pé ba-ba-ba lórí ẹní kò ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Àwọn àgbà ni ó gbọ́ ọ, tí inú wọn dùn, tí wọ́n wí pé, "Ẹ gbọ́, èmi ni ó ń pè!" Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dáhùn ni ó ni ọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ wa, bàbá ni ó dáhùn. Ní Bùlùgéríà, ìyá àgbà ni. Ní Jọ́jíà tí ó wà lẹ́bàá Òkun Dúdú, ẹ ó rẹ́rìn-ín bí ẹ bá gbọ́ ọ: mama ni wọ́n ń pe bàbá, deda sì ni ìyá.

Àwọn ará Jàpáànì ní àlọ́ àpamọ̀ kan tí ó bá èyí mu, nínú àkójọ kan tí a ṣe ní 1516. Ó bèèrè ohun tí ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìyá, tí kì í sì í pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí bàbá. Ètè ni ìdáhùn. Ẹni tí ó gbọ́ èdè wọn lónìí yóò ṣe kàyéfì, nítorí pé haha ni ìyá, chichi sì ni bàbá, ètè kò sì pàdé nínú èyíkéyìí. Àlọ́ náà wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi mọ̀ pé ètè ni wọ́n fi ń pe ìyá nígbà náà. Wọ́n sì gbà pé ní àtijọ́ pátápátá, papa ni.

Èdè tí ó bá tiwa tan ní tòótọ́, ọ̀nà mìíràn ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ bí àwọn Ígálà ti ń ka nǹkan: èjì, ẹ̀ta, gẹ́gẹ́ bí àwa, ṣùgbọ́n níbi tí a ti wí pé ẹ̀rin, ẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń wí, níbi tí a sì ti wí pé àrún, ẹ̀lú ni. Níbi tí r tiwa wà ni l tiwọn wà. Ìyàtọ̀ tí ń tẹ̀lé òfin báyìí ni ẹ̀rí, nítorí pé kò sí ọmọ ọwọ́ tí ń ka ẹ̀rin àti àrún lórí ẹní. Síbẹ̀, bí a bá bèèrè bàbá lọ́wọ́ Ígálà, ata ni yóò wí. Òun náà ni oyè ọba wọn ní Ìdá. Ará ilé wa kò bá wa pe ọ̀rọ̀ náà bákan náà, ará Tọ́kì tí ó jìnnà sì bá wa pè é. Ohun tí ó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé Tọ́kì ní ata pẹ̀lú, tí í ṣe baba àti baba ńlá; òun ni ó wà nínú Atatürk, orúkọ tí a fi fún Mustafa Kemal ní 1934. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè sọ Ígálà di ará Tọ́kì lọ́la.

Ibì kan wà ní òdìkejì òkun tí bàbá wọn jẹ́ bàbá wa láìsí iyàn. Ní erékùṣù Itaparica ní Bràsíl, Babá Egum ni wọ́n ń pe egúngún. Babalorixá ni wọ́n ń pe àwọn kan nínú àwọn olórí ìsìn òrìṣà níbẹ̀, ní Kúbà sì ni a ti rí babalawo. Kì í ṣe ìró nìkan ni a fi mọ̀ ọ́n: odindi orúkọ ni, pẹ̀lú iṣẹ́ tí orúkọ náà ń tọ́ka sí, àti ìtàn àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ kí wọ́n pe babá nínú ilé kan ní Salvador, kí ó má ṣe yára dìde láti dọ̀bálẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọbìnrin tí a gbà láti máa tọ́jú ọmọ ni wọ́n ń ké sí, nítorí pé babá ni wọ́n ń pe òun náà.