Kòtò Ẹ̀yìnkùlé Wa àti Omi Tí Aládùúgbò Ń Mu

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ibi tí ìrẹ́pọ̀ onílé àti ayálégbé dé ní Maryland ti Èkó àti agbègbè rẹ̀, láti Mende títí dé Onígbòǹgbò, kí ó má wulẹ̀ dúró de ọjọ́ owó ilé. Ọjọ́ tí kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ bá kún ni kí ó dúró dè. Ní ọjọ́ náà ni obìnrin tí ń gbé ìsàlẹ̀ ilé yóò da omi sí ìgbọ̀nsẹ̀, tí omi náà yóò kọ̀ tí kò ní lọ, tí ohun tí ará òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi lé lọ yóò sì máa yọ sí i láti ojú ihò balùwẹ̀. Bí ó bá ké pe bàbá onílé, bàbá yóò ní, "Ìyá Bísí, kì í ṣe èmi ni mo kún un; ẹ̀yin tí ẹ kún un ni kí ẹ dá owó jọ." Ìyá Bísí náà yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Ẹ má bínú sà, Bàbá, ilé yín ni, kòtò yín sì ni. Láti ìgbà tí a ti ń san owó ilé, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ti ṣí ìdérí rẹ̀ wò?" Báyìí ni ọ̀rọ̀ yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀, tí òórùn yóò gba gbogbo àgbàlá kan, títí òjò ńlá yóò fi rọ̀ lóru, tí ẹnìkan tí kò sẹ́ni tí yóò dárúkọ rẹ̀ yóò gbé ìdérí kúrò, yóò ki ẹnu ẹ̀rọ afami bọ̀ ọ́, yóò sì da gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ sí gọ́tà ojúlé. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, ilé ti rí ìtura, gọ́tà sì ti gbé ẹrù náà dé Odò Ìyá Aláró, ó ń bá a lọ sí ọ̀sà.

Mo fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba pé ìwà yìí kò dára, àti pé ọrùn àwọn onílé ni ẹ̀bi rẹ̀ wà jù. Àwọn àgbà ní ará ilé ẹni tí ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Kòtò tí a pa tì ní ojúlé kan, gbogbo àdúgbò ni í jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń wí pé kí kíkó kòtò yé jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbà tí ó bá kún, kí ó di iṣẹ́ tí a dá ọjọ́ fún, tí owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, tí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ onílé láti fi han ẹni tó bá bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Èkó Àkéte, ìlú ọgbọ́n, Èkó arómisá lẹ̀gbẹ́lẹ̀gbẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin ti ń bá a fínra tipẹ́. Àwọn tó ti dàgbà láàárín wa kò lè gbàgbé agbépòó, ọkùnrin tí ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé lóru, tí í gbé garawa ìgbẹ́ lérí, tí ọmọdé kò gbọdọ̀ fi ṣẹ̀sín. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló mú kí ìlú ṣeé gbé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọ̀sà ni ẹrù rẹ̀ ń parí sí. Wọn kò sì lè gbàgbé wọlé-wọlé. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní 1924, ara àwọn tó dìde sí i ni Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé, tí ó padà di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí ètò ìlera ìlú Èkó. Òun ló fi ẹsẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó múlẹ̀ ní Yábàá, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn wọlé-wọlé tí yóò máa ṣí ìkòkò omi wò, tí wọn yóò máa yẹ ẹ̀yìnkùlé wò, tí onílé fi ń tètè gbálẹ̀ bí ó bá ti gbúròó wọn ní ìkángun òpópónà.

Agbépòó lọ, garawa lọ, ìgbọ̀nsẹ̀ olómi dé, ṣùgbọ́n páìpù ìjọba tí ì bá gba ẹ̀gbin lọ́wọ́ gbogbo ilé kò tẹ̀lé e. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ibi bíi Festac, Abẹ́sàn, Òkè-Àfà àti Aláúsá, níbi tí a kọ́ ibùdó ìtọ́jú omi ẹ̀gbin sí, kálukú ló sin tirẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé: nígbà tí ẹni tí ń kó o ti lọ, ó yẹ kí onílé mọ̀ pé òun ni iṣẹ́ náà já lé lọ́wọ́.

Ohun tí a sin yìí kì í sì í ṣe kòtò lásán; ọgbọ́n ńlá wà nínú rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis Mouras, ti kọ́ irú rẹ̀ sí ìlú Vesoul ní nǹkan bí 1860, Donald Cameron, tí ó wà nídìí iṣẹ́ ìlú Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì tún un ṣe ní 1895 tí òkìkí rẹ̀ fi kàn káàkiri. Ẹni tó bá ti jókòó ti aláró rí, yóò tètè mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Aláró a po aró tán, a bo ìkòkò, a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ a rì sí ìdí, ìfófòó a bo ojú rẹ̀, omi aró a wà láàárín. Kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju ohun àjèjì sí i, nítorí ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò rí ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí wọ́n bá sì kú, aró bàjẹ́. Nínú táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ náà, èyí tó wúwo a rì, ọ̀rá àti ọṣẹ a léfòó, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí kì í fẹ́ atẹ́gùn a máa jẹ ohun tó rì díẹ̀díẹ̀, omi àárín nìkan ni ó sì yẹ kí ó gba ojú páìpù tí ó rí bíi lẹ́tà T kọjá sí yàrá kejì, kí ó tó bọ́ sí sókàwéè, níbi tí ilẹ̀ yóò ti mu ún. Kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, omi gbọ́dọ̀ sinmi nínú táǹkì fún ó kéré tán ọjọ́ kan.

Nítorí náà, ẹni tí ń da ísáàlì àti búlíìṣì agolo-agolo sí ìgbọ̀nsẹ̀, tí ó rò pé ìmọ́tótó lòun ń ṣe, àwọn òṣìṣẹ́ inú táǹkì ló ń pa. Ìwọ̀nba tí a fi ń fọ ojú ìgbọ̀nsẹ̀ kò lè pa wọ́n, àpọ̀jù rẹ̀ ló burú. Òróró tí a fi dín àkàrà tí a dà sí ihò ìfọwọ́, páńpáàsì ọmọ, páàdì obìnrin, aṣọ ìnujú oníke tí wọ́n ń pè ní wáìpù, kò sí èyí tí àwọn kòkòrò náà lè tètè jẹ tán nínú wọn. Àwọn kan tún ń ta àtíkè kan lọ́jà, wọ́n ní ẹni tó bá ti dà á sí kòtò kò ní pe táńkà, ọkọ̀ tí ń fa ìgbẹ́, mọ́ láéláé. Kí ẹ má ṣe gbà wọ́n gbọ́. Yanrìn, irun, ike àti egungun kò ní torí àtíkè di omi, ọjọ́ kan ni wọn yóò sì ṣàn kọjá sí sókàwéè, wọn yóò dí ojú ilẹ̀ pa. Sókàwéè tí ilẹ̀ rẹ̀ bá sì ti dí, àfi kí a gbẹ́ òmíràn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Àwọn ẹnjiníà gbà pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ẹnìkan ń fi kún táǹkì lọ́dún tó nǹkan bíi lítà 40, àti pé bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta táǹkì, ó tó kó. Ọ̀pọ̀ ilé tí a kọ́ sí agbègbè wa nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, jẹ́ ilé ìdílé kan: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́rin. Bí táǹkì wọn bá gba lítà 3,000, ó di ẹ̀yìn ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó ní ohun tí wọn yóò kó. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí Ìkẹjà, Orẹ́gùn àti Ìlúpéjú, òṣìṣẹ́ ń wá ilé, bàbá àgbà ti sùn, àwọn ọmọ wó ilé rẹ̀, wọ́n gbé ilé onífúláàtì mẹ́fà dìde sórí ilẹ̀ kan náà, ènìyàn 24 kó wọ ibẹ̀, táǹkì bàbá àgbà ni wọ́n sì tún ju páìpù sí. Ohun tí ń gba ọdún mẹ́rin ti di ti ọdún kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni kò sì yí ọjọ́ padà. Ní àwọn ilé oníyàrá-kojú-síra ti Agége, níbi tí ogójì ènìyàn lè máa lo ìgbọ̀nsẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ náà tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Yíyẹ táǹkì wò kò sì gba owó. Kí onílé wá ọ̀pá ọparun gígùn, kí ó wé aṣọ ìnura funfun tó ti gbó mọ́ ọn láti ìdí dé ìwọ̀n apá méjì, kí ó dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí ó rọra kì í bọ̀ ọ́ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ díẹ̀, kí ó sì fà á yọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tí ẹrẹ̀ dúdú bá lẹ̀ mọ́ aṣọ náà dé ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dé. Lókè rẹ̀, àbàwọ́n omi pupa rẹ́súrẹ́sú nìkan ni yóò rí. Kí ó wo abẹ́ pẹpẹ sìmẹ́ńtì tí a fi bo kòtò pẹ̀lú, nítorí afẹ́fẹ́ inú táǹkì a máa di ásíìdì tí í jẹ sìmẹ́ńtì láti ìsàlẹ̀: òkè rẹ̀ lè gún régé kí àwọn ọmọdé máa ta tẹ́ǹtẹ́n lórí rẹ̀, nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ti ń ṣí wẹ́wẹ́, tí irin inú rẹ̀ ti yọ síta, tí ó ti dípẹtà. Kí ó má sì ṣe rán ènìyàn sínú rẹ̀ láé, ì báà ṣe fóònù ló já sí i, ì báà ṣe pé páìpù ló já. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a máa pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó bá sì sáré wọlé láti gbé ẹni àkọ́kọ́ a máa kú tẹ̀lé e. Ilé tó ti pàdánù bàbá àti ọmọ lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ yìí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti omi. Omi ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ ilé ní Maryland, bóhòòlù àti kànga ni a gbójú lé. Ilẹ̀ wa jẹ́ ilẹ̀ yanrìn, omi abẹ́ rẹ̀ kò sì jìnnà, pàápàá ní ìsàlẹ̀ Mende lápá odò. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ sábà ń fúnni ni pé kí kànga fi ọgbọ̀n mítà jìnnà sí sókàwéè. Ṣùgbọ́n pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ní Èkó sábà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú àti 120 lóòró, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 18 àti 37. Bí mo bá gbẹ́ bóhòòlù sí igun àgbàlá mi tó jìnnà jù sí kòtò tèmi, ó ṣeé ṣe kí ó wà nídìí ògiri tí kòtò aládùúgbò wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè gba ara rẹ̀ là níbi tí ilẹ̀ ti há tó báyìí. Ìtọ́jú kòtò tèmi ni ààbò omi rẹ, ìtọ́jú tìrẹ sì ni ààbò tèmi. Ní oṣù Òkúdu 2024, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì gba ẹ̀mí. N kò wí pé kòtò Maryland ló fà á, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tó bá omi mímu pàdé ni í tan àrùn náà kálẹ̀ níbi gbogbo láyé, a kò sì lè máa ṣí ọ̀nà fún un ní ẹ̀yìnkùlé wa.

Òfin àyíká tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2017 kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti da ẹ̀gbin sí gọ́tà, ìjọba sì ní ọ́fíìsì tí a dá sílẹ̀ fún àbójútó omi ẹ̀gbin. Ohun tó kù ni kí ẹnìkan máa bèèrè. Nígbà tí ìmọ́tótó ìparí oṣù ṣì wà, kí a tó fagi lé e ní 2016, iwájú ilé ni a ń gbá, kò sẹ́ni tí ń ṣí ìdérí ẹ̀yìnkùlé. Mo fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ máa béèrè ìwé táńkà lọ́wọ́ onílé gẹ́gẹ́ bí ó ti ń béèrè owó tirẹ̀, kí ìwé náà sì sọ ibi tí táńkà tú ẹrù rẹ̀ sí, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn táńkà fi ń tú u sí ọ̀sà ní Ìdó; kò sì sí èrè nínú kí onílé sanwó láti gbé ìgbẹ́ kúrò ní Mende kí ó lè wọ inú omi tí apẹja ń ju àwọ̀n sí. Bí ìjọba bá fẹ́ kí àwọn awakọ̀ jáwọ́, kí ó ṣe ibùdó ìtọ́jú tó tó fún wọn, tí kò jìnnà, tí owó rẹ̀ kò gani lára.

Ní ti owó, kí a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ilé láti ìbẹ̀rẹ̀: ayálégbé kọ̀ọ̀kan yóò máa dá ìwọ̀nba díẹ̀ lóṣooṣù, ọwọ́ onílé ni yóò wà, onílé ni yóò sì pe táńkà bí ọjọ́ bá pé, yálà òórùn ti bẹ̀rẹ̀ tàbí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sì dára jù láti ṣe é, láti oṣù Ọ̀pẹ sí Èrèlé. Ní Òkúdu àti Agẹmọ, omi abẹ́ ilẹ̀ a ga sókè ní àwọn ibi ìsàlẹ̀, a máa gba ojú búlọ́ọ̀kù tó sán wọ inú kòtò, bí táńkà bá fa á gbẹ ní òwúrọ̀, kò ní ju ìrọ̀lẹ́ lọ kí omi tó tún dé ọrùn kòtò, owó onílé sì ṣòfò. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ògiri kòtò a gbẹ, ojú ibi tó sán a hàn, sókàwéè náà a rí àyè sinmi. Kí a pe bíríkìlà pẹ̀lú táńkà lọ́jọ́ kan náà, kí ó dúró ní ìta ẹnu kòtò, kí ó fi iná wo ògiri àti páìpù T, kí ó sì yí pẹpẹ tó bá ti jẹrà padà kí wọ́n tó bò ó.