Ẹni Tí Ń Ra Ọkọ̀ Tuntun Kò Gbọ́dọ̀ Tijú Láti Béèrè

Àgbẹ̀ tí ó gbin kajú ní Kaboua mọ bí owó ti í pẹ́ kí ó tó péjọ. Ó ń dúró de òdòdó, ó ń dúró de èso, ó ń sá hóró rẹ̀ sí oòrùn, ó sì tún ń dúró de oníṣòwò tí yóò wá wọ̀n ọ́n. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ bá da owó ọdún mélòó kan pọ̀ láti ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí ó jẹ́ tuntun, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn gba nínú owó náà lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, lórí tábìlì tí a ti ń san owó ọkọ̀ tuntun, ohun kan wà tí àwọn ènìyàn ń sanwó rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n béèrè fún un. Ohun náà ni èròjà tí olùtajà máa ń sọ pé òun fi pa ara ọkọ̀ kí ọ̀dà rẹ̀ má baà ṣá.

Bí ó ti máa ń rí nìyí. Oníbàárà ti kúrò ní Kaboua, ó ti gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, ó ti rin ohun tí ó ju 200 kìlómítà lọ kí ó tó dé Kútọnu. Ó ti wo ọkọ̀, ó ti ná an, wọ́n sì ti jọ fẹnu kò sí iye kan. Nígbà náà ni olùtajà gbé ìwé owó jáde. Lábẹ́ iye owó ọkọ̀, ìlà mìíràn wà níbẹ̀. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tí ìlà náà jẹ́, wọn a sọ fún un pé oòrùn ń mú, eruku pọ̀, ìgbẹ́ ẹyẹ sì ń jẹ ọ̀dà. Wọn a ní èròjà yìí yóò dáàbò bo ọkọ̀ fún ọdún márùn-ún. Nígbà mìíràn, wọn a ní àwọn ti fi pa á ná, nítorí náà kò ṣeé yọ kúrò nínú owó. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà ilé kì í fẹ́ jiyàn mọ́. Ó fọwọ́ sí i, ó sì sanwó.

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: èròjà náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Bí a bá fọ ara ọkọ̀ mọ́ dáadáa, tí a sì fi í pa á bí ó ti yẹ, ó máa ń dán, omi máa ń ṣàn kúrò lórí rẹ̀, ìdọ̀tí kì í sì í tètè lẹ̀ mọ́ ọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ó ń ṣe kéré sí iṣẹ́ tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀, owó tí wọ́n sì ń gbà lórí rẹ̀ máa ń pọ̀ ju iṣẹ́ náà lọ.

Ó yẹ kí oníbàárà kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà lára ọkọ̀ tuntun kí olùtajà tó fọwọ́ kàn án. Ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀, wọ́n máa ń ri ara irin rẹ̀ bọ inú omi ọ̀dà tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, kí ìpẹtà má baà mú un. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, wọ́n á kun ọ̀dà aláwọ̀, wọ́n á sì fi ìpele kan bò ó lókè, èyí tí kò ní àwọ̀, tí ó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Wọ́n á yan án nínú ààrò ńlá títí yóò fi gbẹ dé inú. Gbogbo ìpele wọ̀nyí lápapọ̀ kò nípọn ju ewé ìwé kan lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lágbára. Ìpele òkè tí ó mọ́ gaara yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ fi síbẹ̀ láti gba ìyà oòrùn àti òjò. Èyí ni pé ọkọ̀ tuntun kò wà ní ìhòòhò. Ó ti wọ aṣọ rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ olùtajà.

Èròjà tí olùtajà ń fi kún un fẹ́lẹ́ púpọ̀ ju ìpele òkè yẹn lọ. Kò lè dá òkúta dúró. Bí ọkọ̀ ńlá bá ta òkúta wẹ́wẹ́ lójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa, ọ̀dà yóò bó níbi tí òkúta náà bá. Kò lè dá ẹ̀ka igi dúró kí ó má ha ọkọ̀ lára. Kò lè dí ìpẹtà lọ́wọ́ lábẹ́ ọkọ̀, níbi tí ẹrẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ nígbà òjò. Bí a bá sì fi ìgbẹ́ ẹyẹ sílẹ̀ lórí rẹ̀ nínú oòrùn fún ọjọ́ púpọ̀, àpá lè wà níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí ó kọ oníbàárà lóminú. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọkọ̀ tuntun tí a fi èròjà pa àti èyí tí a kò fi pa. Àwọn méjèèjì ń dán. Olùtajà lè da omi sí i lára kí ó ní, "Ẹ wo bí omi ti ń yí bí ìlẹ̀kẹ̀." Ṣùgbọ́n bí omi ti máa ń yí náà nìyẹn lára ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìda lásán nù. Nítorí náà, omi tí ń yí kì í ṣe ẹ̀rí pé ohun olówó ńlá ni a fi pa ọkọ̀. Ẹni tí ó sanwó sanwó fún ohun tí kò rí nígbà tí wọ́n ń ṣe é, tí kò sì lè yẹ̀ wò lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é tán.

Ìṣirò kékeré kan lè là wá lójú. Ká sọ pé olùtajà kọ 150.000 sẹ́fà sí ìlà náà, tí owó orí ọjà kò sì tíì sí nínú rẹ̀. Owó orí ọjà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún 150.000 jẹ́ 27.000. Àpapọ̀ rẹ̀ di 177.000 sẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ owó báǹkì ni a fi ra ọkọ̀, tí a ó sì san án fún oṣù 24, ìlà kan ṣoṣo yẹn yóò máa gba 7.375 sẹ́fà lóṣooṣù, láìtíì ka èlé tí báǹkì yóò gbà lórí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé "ó kàn jẹ́ ẹgbẹ̀rún méje lóṣù" lè rò pé owó kékeré ni. Kí ó sọ ọ́ di odidi owó, kí ó wá bi ara rẹ̀ léèrè iye àpò kajú tí ó jẹ́.

Ìlérí ọdún márùn-ún náà gba àgbéyẹ̀wò. Ìwé ìlérí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní àdéhùn nínú. Ó lè sọ pé kí oníbàárà máa gbé ọkọ̀ padà wá lọ́dọọdún kí wọ́n wò ó. Ó lè sọ pé bí oníbàárà kò bá tètè fọ ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò, ìlérí ti bàjẹ́. Fún ẹni tí ń gbé nítòsí ilé ìtajà, ó lè rọrùn. Fún ará Kaboua, lílọ àti bíbọ̀ Kútọnu gba epo, ó gba ọjọ́, ó sì gba iṣẹ́ oko tí a ó fi sílẹ̀. Ìlérí tí a kò lè lọ gbà kò yàtọ̀ sí àwòrán oúnjẹ lójú ẹni tí ebi ń pa.

Kí wá ni yóò dáàbò bo ọ̀dà ọkọ̀ ní Kaboua? Omi ni, aṣọ rírọ̀ ni, òjìji sì ni. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo ohun gbogbo. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí ènìyàn mú àkísà gbígbẹ kí ó fi nu eruku náà. Iyanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú eruku. Bí a bá fi àkísà fà á lórí ọ̀dà, ńṣe ni ó ń ha á. Omi ni kí a kọ́kọ́ dà sí i láti òkè wá sílẹ̀, kí eruku ṣàn lọ. Lẹ́yìn náà ni kí a fi aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́ lábẹ́ òjìji, kí a ṣan án, kí a sì nù ún gbẹ. Korobá méjì dára ju ọ̀kan lọ: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún fífọ iyanrìn kúrò lára aṣọ.

Ìgbẹ́ ẹyẹ àti oje igi kò gbọ́dọ̀ sùn lórí ọ̀dà. Omi ni kí a fi rẹ ẹ́ títí yóò fi rọ̀, kí a tó nù ún kúrò. A kò gbọ́dọ̀ fi èékánná há a. Ẹni tí ń kó kajú mọ bí epo inú èèpo rẹ̀ ti í bó awọ ọwọ́. Ohun tí ń bó awọ ènìyàn kò yẹ ní ohun tí a ń fi sílẹ̀ lórí ọ̀dà. Bí ó bá wu olówó ọkọ̀ kí ọkọ̀ rẹ̀ máa dán, kí ó ra agolo ìda ọkọ̀, kí ó fi nù ún fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọmọ ilé lè ṣe é ní ọ̀sán kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ń ra alùpùpù pẹ̀lú, àwọn ni wọ́n sì pọ̀ jù ní abúlé. Iye owó lè yàtọ̀, orúkọ ohun tí a fi kún un sì lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni: ṣé mo béèrè fún un, ṣé mo sì nílò rẹ̀?

Àwọn kan yóò sọ pé ìjọba ni ó yẹ kí ó dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró. Òótọ́ ni pé òfin ṣe pàtàkì. Òfin 2007-21 ti ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2007 wà fún ìdáàbòbò ẹni tí ń rajà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó sídìí tábìlì olùtajà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọkọ̀ pọ̀ dé ibi pé ó pọ̀, àjọ ìjọba tí ń jẹ́ Federal Trade Commission kéde ìlànà kan ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Ìlànà náà sọ pé olùta ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ gba owó fún àfikún tí kò ṣe oníbàárà ní àǹfààní, kò sì gbọ́dọ̀ gba owó àfikún kankan láìjẹ́ pé oníbàárà fọwọ́ sí i ní kedere. Àwọn olùta ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìlànà náà, nítorí pé àjọ náà kò tẹ̀lé ètò tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé kí ó tó gbé e kalẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, oníbàárà tí ó ti Kaboua wá kò gbọ́dọ̀ fi gbogbo ìṣọ́ sílẹ̀ fún òfin.

Ìṣọ́ náà kò le. Kí oníbàárà béèrè fún ìwé owó kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Kí ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó ní kí a sọ ohun tí ó jẹ́ fún òun. Bí ó bá jẹ́ èdè Faransé ni a fi kọ ọ́, kí ó mú ọmọ tí ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì dání, kí ọmọ náà kà á sókè. Nọ́ńbà kò ní èdè: ẹni tí ó mọ ìṣirò lè ro gbogbo ìlà pọ̀ kí ó wò ó bóyá ó bá iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí mu. Bí ìlà kan bá wà tí kò béèrè fún, kí ó ní kí wọ́n yọ ọ́. Bí olùtajà bá ní èròjà náà ti wà lára ọkọ̀, èsì rẹ̀ rọrùn: ẹni tí ó fi í síbẹ̀ kò bi oníbàárà kí ó tó ṣe é. Kí ó yọ owó náà kúrò, tàbí kí ó mú ọkọ̀ mìíràn wá. Bí oníbàárà bá sì fẹ́ èròjà náà lóòótọ́, kí ó ná an lọ́tọ̀, kí ó gba ìwé ìlérí rẹ̀, kí ó sì ka àdéhùn inú rẹ̀ kí ó tó sanwó.

Ìtìjú ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà dákẹ́ nídìí tábìlì yẹn. Wọ́n ń bẹ̀rù kí a má pè wọ́n ní ará oko. Wọ́n ń bẹ̀rù kí a má mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ìwé wọn kò tíì pẹ́. Ṣùgbọ́n abèèrè kì í ṣìnà. Olówó ọkọ̀ tí ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka kò ṣe ohun ìtìjú. Ẹni tí ó kọ ìlà tí kò fẹ́ kí a kà ni ó yẹ kí ojú tì.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan wà fún àwọn tí ń kọ́ àgbàlagbà ní ìwé ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ àti níbi gbogbo. Lẹ́yìn álífábẹ́ẹ̀tì àti orúkọ ẹni, kí wọ́n gbé ìwé owó tòótọ́ wá sí kíláàsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ìlà tí ọjà wà, kí ó wá ìlà owó orí ọjà, kí ó wá ìlà tí a fi kún un, kí ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀kọ́ wákàtí kan bẹ́ẹ̀ lè gba owó ìkórè odidi ọdún kan lọ́wọ́ òfò. Ní ọjọ́ tí àgbẹ̀ Kaboua bá sì jókòó nídìí tábìlì ní Kútọnu, tí ó fi ìka tọ ìlà kan, tí ó ní, "Èyí ńkọ́?", ìwé tí ó kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó padà fún un.