Wọ́n Fi Orúkọ Iléeṣẹ́ Sáyà Sáré, Kúèrì Ni Wọ́n Gbà



Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń sá Lagos City Marathon, kìlómítà 42 àti díẹ̀, tó ń gba orí afárá Third Mainland kọjá. Mẹ́ta nínú wa sá a lọ́dún yìí. Ní káńtíìnì láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọ̀kan ní orí afárá ni pajápajá ti mú òun lẹ́sẹ̀. Èkejì ní omi inú ọ̀rá ló gba òun là. Ẹ̀rín pa wá. Ẹ̀kẹta kò rẹ́rìn-ín, kúèrì wà lápò rẹ̀.

Aago méjì ọ̀sán Sátidé náà ni ṣíìfù rẹ̀. Wọ́n ti ti títì pa nítorí eré, ó fi wákàtí kan pẹ́. Bẹ́ẹ̀, ó ti bẹ̀bẹ̀ fún pàṣípààrọ̀ ṣíìfù ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọn ò dá a lóhùn. Fọ́tò rẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ sì ti wà lára ògiri ọ́fíìsì máníjà!

Èmi ò lè sáré dé ibùdókọ̀ (orúnkún mi ò gbà), ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. A ti kọ̀wé pé kí wọ́n fa kúèrì náà ya. Ọjọ́bọ̀ la ó bá wọn jókòó. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lọ́wọ́, kó mú un wá fún mi kó tó di Ọjọ́rú.